Ẹ Béèrè Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Kí Ẹ Tó Gún Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹjọ tí mo bí ọmọkùnrin mi la dábẹ́ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ò dá títí ilẹ̀ fi mọ́, ìtẹ́dìí mẹ́rin ló rin gbingbin. Àwọn kan nílé ní iṣẹ́ ayé ni. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé haemophilia A ni: factor VIII, èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò tó lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ èmi ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá sọ fún mi pé eyín tí wọ́n yọ fún àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló ṣẹ̀jẹ̀ pa á.

Ọmọ náà pé ọdún 16 lọ́dún tó kọjá, ìpá sì di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo fi káàdì àìsàn rẹ̀ sínú fáìlì fúnra mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn tíátà ò tíì padé, mo rí ọmọ mi létí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ ba, ó gbá ìrọ̀rí mọ́yà, nọ́ọ̀sì ń fi òwú nu ẹ̀yìn rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń gún sí eegun ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara má bàa mọ ìrora. Mo figbe ta. Nígbà tí dókítà tó fẹ́ kùn ún lóorun gbọ́ ohun tí mò ń wí, ó rọra gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Inú eegun ẹ̀yìn há. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń sun síbẹ̀ tí kò dì, àwọn iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wọlé lè má fẹsẹ̀ rìn jáde.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, wọ́n pe dókítà ẹ̀jẹ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara rẹ̀ ń gbógun ti factor. Ó wá ṣàlàyé pé ẹyọ oògùn factor kan fún kílò kan ń gbé factor VIII inú ẹ̀jẹ̀ sókè ní ìdá 2 nínú 100. Kílò 50 ni ọmọ mi, nítorí náà ó gba ẹyọ 2,500, ẹyọ 50 fún kílò kan, láti gbé e sókè ní ìdá 100 kí abẹ tó kàn án. Láàárín nǹkan bí wákàtí 12, ìdajì á ti lọ, wọ́n á tún fún un, bẹ́ẹ̀ ni fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ló dé ọwọ́ wa, World Federation of Hemophilia, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ran àwọn tó ní àìsàn yìí lọ́wọ́, ló fi ta wá lọ́rẹ. Owó mi ò lè ká a láéláé.

Wọ́n kùn ún lóorun pátápátá. Ẹnu ni rọ́bà èémí gbà, kì í ṣe imú, torí imú tètè ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọn ò gún un ní ìdí. Parasitámọ́ọ̀lù ni wọ́n lò fún ìrora, wọn ò fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń kunni lóorun rí aláìsàn lọ́jọ́ tó ṣáájú. “Ṣé o ní àìsàn kankan?” ò tó. Ẹ béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣe nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún un, nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin náà nípa nǹkan oṣù tó ń ya lọ bí omi, torí àìsàn von Willebrand, òmíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa, ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ sọ ọ́, kì í ṣe èpè ìdílé.

Ọmọ mi ti padà síléèwé. Mo so káàdì náà mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn