Bàbá Ìbejì, má jẹ́ ká ta ilẹ̀ Ìjẹdẹ yẹn

Ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Minneapolis ńkọ́? Àwọn Ìbejì ńkọ́, ìyá wọn ńkọ́? Àwa wà níbí o, ọ̀nà Ìjẹdẹ ṣì ń jọ̀ wá bí ẹlùbọ́.

Mo gbọ́ fọ́ìsì tó o fi ránṣẹ́, o ní ká ta ilẹ̀ yẹn torí owó tí ọkùnrin yẹn gbé kalẹ̀. Fara balẹ̀ ná. Látìgbà tó o ti ní o ríṣẹ́ sikiọ́ríìtì ní pápá àwọn Vikings, tíìmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ìlú yín, ni mo ti ń ka nǹkan nípa Zygi Wilf tó ni tíìmù yẹn lórí fóònù. Àlejò bíi tìẹ náà ni wọ́n o! Júù ará Poland ni Joseph bàbá ẹ̀ àti Harry tí wọ́n jọ jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ogun Hitler ò rí wọn pa, Jámánì ni wọ́n ti bí Zygi ní 1950 kí wọ́n tó kó lọ sí New Jersey. Mọ́tò àlòkù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ni wọ́n bá ń ra ilé, wọn ò tà á, rẹ́ǹtì ni wọ́n ń gbà, ìgbà tó yá wọ́n ń kọ́ tiwọn, ó di ilé rẹpẹtẹ, ó di mọ́ọ̀lù, títí Zygi àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi ra Vikings ní 2005, nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù dọ́là. Pápá tó ò ń ṣọ́ yẹn, 2016 ni wọ́n ṣí i, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, àmọ́ ìjọba bá wọn dá owó tó pọ̀ gan-an síbẹ̀. Ife Super Bowl, ife tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù wọn, ò tíì wọlé ṣá, ìyẹn ò kàn mí. Ikorodu City, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwa tó wọ NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, ní 2024 ńkọ́, pápá Onikan ní Èkó ni wọ́n lọ ń gba àlejò ní sáà yẹn, háyà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu!

Ibi tó kàn mí ni kóòtù. Ní 2013 adájọ́ kan ní New Jersey ní Zygi, Mark àbúrò ẹ̀ àti ọmọ Harry kan rẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ni ilé háyà kan jẹ, ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti 1992. Wò ó, ọdún mọ́kànlélógún! Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ká kọ mini-flat mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù látọ̀dọ̀ mi, sìmẹ́ńtì àti irin látọ̀dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ká lọ bá lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó po kọnkéré. Kì í ṣe pé n ò fọkàn tán ẹ o.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti wá jókòó sórí yanrìn mi, wọ́n ní owó fáńdéṣọ̀n. Mo na rìsíìtì tí bàálẹ̀ fún wa sí wọn, olórí wọn dorí ẹ̀ kodò, ó kà á, ó mi orí, ó ní kò burú, kí n ṣáà mú owó omi wá.

Dá mi lóhùn kó tó di Fíráìdé, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yìí ń pè mí láràárọ̀, mo sì ń purọ́ fún un pé o wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni,
Alábúlọ́ọ̀kù, Ìkòròdú