Síbà Kọ́ Ni Alágbàwí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ alágbàwí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹni tó ń bá àgbàlagbà tàbí akàndá ẹ̀dá sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Ẹ bá mi ka ìwé Sámúẹ́lì Kejì lọ́sẹ̀ yìí, orí 9, orí 16 àti orí 19. Ìtàn Mẹfibóṣẹ́tì ni. Ìdajì rẹ̀ la sábà máa ń wàásù: ọmọ Jónátánì, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba, tó ṣubú lọ́wọ́ alágbàtọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5, tó sì yarọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tí Dáfídì wá ránṣẹ́ pè kó máa bá ọba jẹun. A ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́, a ó lọ sílé. Ìdajì kejì korò díẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fò ó.

Ní orí 16, Dáfídì ń sá fún Ábúsálómù, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Síbà, ẹni tí ọba fi ṣe alábòójútó ilẹ̀ Mẹfibóṣẹ́tì, pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tó ru igba ìṣù àkàrà, èso àti ọtí wáìnì. Ọba ní, ọ̀gá rẹ dà? Síbà ní ó wà ní Jerúsálẹ́mù, ó ń retí kí ìjọba bàbá bàbá rẹ̀ padà sọ́wọ́ òun. Lójú ẹsẹ̀, ọba ní gbogbo ohun ìní Mẹfibóṣẹ́tì ti di ti Síbà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Dáfídì tí a ń pè ní ẹni bí ọkàn Ọlọ́run dá irú ẹjọ́ yẹn níjọ́ náà.

Ìgbà tó di orí 19 ni Mẹfibóṣẹ́tì tó rí àyè sọ tẹnu ara rẹ̀. Kò gé irùngbọ̀n, kò fọ aṣọ, láti ọjọ́ tí ọba ti lọ. Ó ní òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì kí òun bá ọba lọ, torí arọ ni òun, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òun tan òun jẹ. Ẹni tó yẹ kó bá a di gàárì ló lọ bá ọba sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni náà gan-an ló sì máa jogún ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí lónìí, bí ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà tàbí akàndá bá ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo olùtọ́jú ni Síbà o. Mo mọ àwọn ọmọ nínú ìjọ yìí tí wọn kì í sùn nítorí òbí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn lóṣù mẹ́ta lè máa sọ pé "Màmá fẹ́ lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà", kó sì jẹ́ pé àárẹ̀ tirẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ń wo bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó ṣófo. Àbúrò ń wo ilé. Kò sí olè láàárín wọn, síbẹ̀ ohun tí Màmá fẹ́ lè sọnù sáàárín wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa lò fún Jésù nínú Jòhánù Kìíní 2:1: alágbàwí. Ó ń gbà, kó tó wí. Ẹni tí kò tíì gbà á lẹ́nu ẹni tó ni ín, kí ló fẹ́ wí? Iṣẹ́ alágbàwí tó dá dúró nìyẹn fún àgbàlagbà tàbí akàndá ẹ̀dá. Á jókòó tì í nígbà tí ẹlòmíì kò sí nínú yàrá. Á ka ìwé tí dókítà fún un, á ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé e. Á bá a lọ sípàdé, á sọ ohun tó fẹ́ bó ti fẹ́ ẹ, kódà bí kò bá bá èrò tirẹ̀ mu. Bí ẹni náà kò bá lè sọ̀rọ̀ rárá, á wo ojú rẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ohun tó máa ń wù ú. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe olùtọ́jú, kò sì ní nǹkan kan tí yóò jẹ níbẹ̀.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá, ti ọdún 2006, sọ pé ọgbọọgba ni gbogbo èèyàn níwájú òfin, kí ìjọba sì pèsè ìrànlọ́wọ́ tí akàndá nílò láti ṣe ìpinnu tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìtọ́jú ti 2014 ní bó bá ṣòro gan-an fún ẹnì kan láti lóye ètò ìtọ́jú rẹ̀, láti rántí rẹ̀, láti gbé e yẹ̀ wò tàbí láti sọ tinú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni yíyẹ tó lè ràn án lọ́wọ́, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ wá alágbàwí fún un. Ẹni tó ń gbowó tọ́jú rẹ̀ kò sì lè dúró bí ẹni yíyẹ náà. Àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ òfin yẹn ti pàdé Síbà rí.

Èmi náà jẹ̀bi. Láìpẹ́ yìí mo lọ kí ìyá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọmọ rẹ̀ ni mo dojú kọ: "Ṣé Màmá ń jẹun? Ṣé wọ́n ń sùn?" Màmá jókòó níbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo dìde láti gbàdúrà, wọ́n rọra fà mí láṣọ. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu wọn jáde díẹ̀díẹ̀, ó gba àkókò. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ ò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbàdúrà lé lórí."

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọ bá òun wá alágbàwí, kó rí mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tí kò bá lè wá, kó ránṣẹ́, n óò wá bá a nílé. Òun fúnra rẹ̀ ni n óò bá sọ̀rọ̀.