Iye Ìtọ́kasí Kò Tó Láti Fi Wọn Iṣẹ́ Onímọ̀

Olóòtú tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gba olùwádìí síṣẹ́ tàbí tí ń gbé wọn ga ní yunifásítì, tí wọ́n ń wo iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí iṣẹ́ onímọ̀, tàbí òkìkí ìwé àtìgbàdégbà tó gbé e jáde, tí wọn kò sì ní ṣí iṣẹ́ náà gan-an wò.

Òṣùwọ̀n wọ̀nyí ní ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1927, P. L. K. Gross àti E. M. Gross ṣe ìṣirò àwọn ìtọ́kasí inú ìwé àtìgbàdégbà kẹ́mísítírì kan, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ kí ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rà. Nígbà tí Eugene Garfield gbé Science Citation Index, atọ́ka tó ń fi iṣẹ́ tó tọ́ka sí òmíràn hàn, jáde ní 1964, ohun tó ń wá ni pé kí olùwádìí lè tọpasẹ̀ èrò kan láti inú iṣẹ́ kan dé òmíràn. Òun àti Irving Sher ló sì ṣe impact factor, òṣùwọ̀n tí ń fi iye ìtọ́kasí wọn ìwé àtìgbàdégbà, láti fi yan àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí yóò wọ inú atọ́ka náà. Ìwé ni wọ́n ń fi í yàn, kì í ṣe ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ pàápàá fi èyí hàn. Iye ìtọ́kasí tí a ṣe lọ́dún kan sí àwọn àpilẹ̀kọ ọdún méjì tó ṣáájú ni wọ́n ń fi iye àpilẹ̀kọ náà pín. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé àpilẹ̀kọ díẹ̀ ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́kasí, nọ́ńbà tó bá jáde kò lè sọ bóyá àpilẹ̀kọ kan pàtó dára tàbí kò dára. Ọdún méjì kò sì tó nǹkan fún onímọ̀ ìṣirò tàbí òpìtàn. Ní ti h-index, èyí tí Jorge Hirsch dábàá ní 2005 (bí ó bá jẹ́ 10, ó túmọ̀ sí pé olùwádìí náà ní àpilẹ̀kọ 10 tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 10 ó kéré tán), kì í relẹ̀ rárá, nítorí náà ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó máa ń gbè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba àwáwí lẹ́nu wa. Láti 1991 tí Paul Ginsparg ti dá arXiv sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ físíìsì, ọ̀pọ̀ irú ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ ti wà, tí ẹnikẹ́ni lè ti ka iṣẹ́ ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ń fi àwọn òǹkàwé tí ìtọ́kasí kò lè rí hàn wá: nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí ẹnjiníà tó ka iṣẹ́ kan, tó fi ṣe ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n tí kò ní kọ àpilẹ̀kọ kankan tí yóò fi tọ́ka sí i.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ iye ìgbà tí wọ́n gba iṣẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà di òrìṣà mìíràn. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè ṣí fáìlì kan lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó kà á. Ìdí nìyí tí COUNTER, ìlànà nípa bí a ṣe ń ka iye ìgbà tí a lo iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ní kí a yọ irú rẹ̀ kúrò, kí a sì ka títẹ̀ fáìlì kan náà léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo, kékeré àti ńlá, tẹ̀lé ìlànà yìí, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ wọn síta fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkéde San Francisco tí a mọ̀ sí DORA, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé kan ní 2012, ti ní kí a má fi òṣùwọ̀n ìwé àtìgbàdégbà ṣe ìdájọ́ olùwádìí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó buwọ́ lù ú kò kéré. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìgbéga wọn pé olùwádìí fúnra rẹ̀ ni yóò yan iṣẹ́ mélòó kan kalẹ̀, pé ìgbìmọ̀ yóò ka iṣẹ́ wọ̀nyí tán kí wọ́n tó wo nọ́ńbà kankan, àti pé ẹni tí kò bá tíì kà wọ́n kò gbọdọ̀ dá sí ìpinnu náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan