Àpótí tó sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ,

Mo kí yín láti Èpè o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. Wọn ò fún òun àti ọkọ rẹ̀ ní físà. Wọ́n ti ta fíríìjì, wọ́n ti ta jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti se àsè ìdágbére. Ó ní físà gan-an kọ́ ló dun òun jù. Láti ọjọ́ náà, òun àti ọkọ òun kì í jọ jẹun mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yìí ló mú mi gbé bírò.

Èmi náà ti jẹ̀bi irú ẹ̀ rí. Ní 1991, à ń lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi ní Ìlọrin, èmi, ìyá àwọn ọmọ, àti ọmọ mẹ́ta nínú Píjò 504 mi. A ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a gba ọ̀nà Mámu forí lé Ìbàdàn, ni èéfín bá ń rú níwájú ọkọ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi ń hó nínú rẹ̀díétọ̀ bí ọbẹ̀ orí iná, bẹ́líìtì fáànù ti já. Mẹkáníìkì ló yẹ kí n wá. Ìyàwó mi ni mo yíjú sí. "Ìwọ lo fà á! Tó ò bá jókòó ti onídìrí di aago mẹ́sàn-án, à bá ti máa wọ Ògbómọ̀ṣọ́!" Kí ló kan irun dídì pẹ̀lú bẹ́líìtì, ẹ gbà mí? Bẹ́líìtì tí èmi fúnra mi ti rí láti oṣù méjì sẹ́yìn pé ó ń ya.

A ò dé Ìlọrin. Ìyàwó mi jókòó sórí òkúta létí títì, gèlè tuntun lórí, ó ń fi etí ìró nu omi ọsàn lẹ́nu àbíkẹ́yìn wa. Kò dá mi lóhùn rárá.

Ó lé lógún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó bi àkọ́bí wa bóyá ó rántí ọjọ́ Mámu. Ó ní òun rántí. Kì í ṣe ọkọ̀ ló rántí, kì í ṣe oòrùn tó pa wọ́n. "Ohùn yín ni mo rántí, Bàbá."

Ẹ gbọ́ mi, bí ìrìnàjò bá bàjẹ́, ẹ má wá ẹlẹ́bi nínú ọkọ̀. Ẹlẹ́bi lè wà o, n kò ní kò sí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹ bu omi fún ọmọ mu, ẹ pe ẹni tó ń retí yín, kí ẹ sì sọ bó ṣe jẹ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún wọn pé "kò sí nǹkan kan". Ọmọdé mọ ojú ìyá rẹ̀ kà ju bí alfa ṣe mọ wàláà lọ.

N kò sì ní kí ẹ máa fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀. Ní 2020, mo jẹ́ ẹni ọdún 64, mo ti san owó Hájì. Àpótí mi ti wà nílẹ̀: aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ ò kàn, sálúbàtà, gàrí Ìjẹ̀bú, àti ẹja gbígbẹ tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ yan. Àrùn Kòrónà dé. Nínú oṣù kẹfà, ìjọba Saudi kéde pé kìkì àwọn tó wà lórílẹ̀-èdè wọn ni yóò ṣe Hájì ọdún náà. Kùránì sọ pé Ọlọ́hun wà pẹ̀lú àwọn onísùúrù, mo mọ àáyá náà lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá kà á sí mi létí lọ́jọ́ kejì ìròyìn yẹn, díẹ̀ ló kù kí n tì í síta. Ẹ máa jẹ́ kí ẹni tó ń sunkún sunkún tán ná.

Ìyàwó mi ò wàásù. Ó fa àpótí jáde, ó kó gàrí inú rẹ̀ sínú abọ́, ó bu omi tútù sí i, ó ya ẹja, ó sì ké sí àwọn ọmọ-ọmọ wa lábẹ́ igi máńgòrò: "Ẹ wá mu gàrí Mẹ́kà o!" Mo rẹ́rìn-ín tomijétomijé. Títí dòní, gàrí Mẹ́kà lorúkọ rẹ̀ nílé wa. Àwọn aṣọ náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oṣooṣù ni ìyàwó mi ń sá wọn sóòrùn, tó ń pààrọ̀ káńfọ̀ wọn.

2021, wọn ò tún gba ará òkèèrè. Ní 2022, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mílíọ̀nù kan ènìyàn, àmọ́ ẹni tí kò tíì pé 65 nìkan. Mo ti di 66. Ìyàwó mi jẹ́ 59. Mo ní kó máa lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà ń lọ. Kí n má purọ́ fún yín, mo ń retí kó sọ pé òun ò lọ. Ó wò mí. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọkàn yín ló sọ ọ́ àbí ẹnu yín?" Mo ní ẹnu ni, ṣùgbọ́n ọkàn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó lọ. Mo fajú ro nílé bí ọmọ tí wọn ò mú lọ ọjà, títí ó fi pè mí láti Arafat pé òun ti dárúkọ mi nínú àdúà. Ọkàn mi wá dé bá ẹnu.

Kò tilẹ̀ yẹ kí àwa ará Èpè máa rò pé ìrìnàjò tó ṣì ọ̀nà ti parí. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ayé àtijọ́, ò gbèrò Èpè. Ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló lé e kúrò lórí ìtẹ́ ní Èkó ní 1851, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó síhìn-ín, kò sì padà títí di 1862. Wíwá rẹ̀ yẹn la fi ọdún Káyókáyó ń rántí lẹ́yìn Iléyá. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ká yó!

Ní ti físà, ẹ má ta bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ ń sùn lé kó tó jáde. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ní 2023, wọ́n mú òfin ọjọ́ orí kúrò. Owó ti gòkè gan-an, àwọn ọmọ mi ló dáwó kún un. Àkọ́bí wa ló wà mí lọ sí Ìkẹjà. A débẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú wa ò ní gbéra lọ́jọ́ náà mọ́. Mo ti la ẹnu láti bi í pé ta ló ní ká gba ọ̀nà Lẹkí. Ó ti fa àga kan sún mọ́ mi, ó yọ ẹ̀pà àti omi tútù nínú báàgì.

"Bàbá, ẹ jókòó. Mámu tún dé."

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà yíjú wò wá.

Bàbá yín,
Èpè.