Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ ní Libreville

Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù nígbà tí Bàbá Àjàní bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwé àti gègé, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Àlàáfíà ni a wà. Àbúrò mi ti bímọ ní Pobè, obìnrin ni; òrùlé ìsọ̀ mi ní ọjà Ouando jò, a sì ti tún un ṣe; wọ́n ti ta ilé ẹ̀bá ọ̀sà tí o mọ̀ yẹn, ẹni tí ó rà á sì ti wó o. Ọ̀rọ̀ Àjàní ni mo jókòó láti sọ.

Ọmọ tí o gbé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí o ní ojú rẹ̀ jọ ti Bàbá àgbà, ti di ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́rìnlá, ó ń pe omi, ó ń pe màmá, ó sì máa ń juwọ́ sí bàbá rẹ̀ bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Kí ó tó pé ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ ti lọ. N kò mọ ọjọ́ tí ó pe omi kẹ́yìn, èyí ni ó sì ń dùn mí jù, pé ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ọmọ mi ní ọjọ́ kan bí ọjọ́ gbogbo, èmi kò sì fiyè sí i nítorí mo rò pé yóò tún pè é ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdérí ìgò. Bí ó bá ti jí, yóò kó wọn jáde, yóò sì tò wọ́n láti ẹsẹ̀ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, pupa lẹ́yìn pupa, funfun lẹ́yìn funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá sún ọ̀kan kúrò ní àyè rẹ̀, ará òpópónà yóò gbọ́ ẹkún rẹ̀. Kì í wo ojú ẹni. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í yíjú, ṣùgbọ́n bí mo bá tú ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá kejì, yóò ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó ya á tán. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò di ọrùn ọwọ́ mi mú, yóò fà mí lọ síbi ìkòkò, bí ẹni pé ọwọ́ yẹn nìkan ni ó mọ̀, tí kò mọ ẹni tí ó ni ín.

O ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kétu ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n o kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo rò pé yóò fẹ́ràn àwọ̀ àwọn agọ̀ náà, nítorí ó fẹ́ràn ohun tí ó bá ní àwọ̀. Bí ìlù ti dún ni ó di etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ilẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó yí wa ká sún kúrò. Mo gbọ́ ọ̀kan tí ó sọ pé àwọn ìyá ni ó mú un. Níbi tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti yẹ́ àwọn ìyá sí, Àṣàkẹ́! Màmá ilé ọkọ mi kò sọ ohunkóhun. Ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó dà á bo èmi àti ọmọ, ó sì mú wa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé. N kò ní gbàgbé oore náà láé, nítorí náà má ṣe ka ohun tí mo máa sọ nípa rẹ̀ sí ẹ̀gàn.

Nígbà tí a padà dé, mo gbé e lọ sí Kútọnu. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn etí ni a kọ́kọ́ lọ, ó sì rí i pé etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Òun ni ó júwe wa fún dókítà obìnrin kan tí ó ń tọ́jú ọpọlọ àti ìwà àwọn ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a lọ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú Àjàní, ó ń wo bí ó ṣe ń ṣeré. Ó bi mí nípa oyún rẹ̀, oorun rẹ̀, oúnjẹ tí ó ń jẹ àti èyí tí kì í fẹnu kàn, àti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ nawọ́ sí nǹkan láti fi hàn mí. Mo ní kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè fi èyí hàn, ìwà ọmọ ni a ń wò. Lẹ́yìn náà ni ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi: ọ́tísìmù. Ó ní láti inú oyún ni ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀, pé apá púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2021 pé nínú nǹkan bí ènìyàn 127, ọ̀kan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn ka gbogbo àwọn tí ó ní ìsọ̀ ní ìlà wa ní Ouando.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn: ṣé nítorí pé mo tètè padà sí ọjà ni, tí mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀? Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò mí. Ó ní ní ọdún 1943 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń di ẹ̀bi ru àwọn ìyá, tí wọ́n ń sọ pé ọkàn ìyá tí ó tutù bí omi dídì ni ó fà á. Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ni ó kọ ìwé ní ọdún 1964 láti fi hàn pé irọ́ ni. Mo sunkún níwájú obìnrin tí n kò mọ̀ rí, ó sì jẹ́ kí n sunkún náà tán. Ìwọ nìkan ni mo sọ èyí fún.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àjàní, ẹni tí o mọ̀ dáadáa, ń sọ kiri pé abẹ́rẹ́ èéyi ni ó ba ọmọ jẹ́, pé kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n gún Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀. Mo bi dókítà. Ó ní ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1998 ni ó dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀, pé ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ti fà á padà ní ọdún 2010, àti pé èéyi gan-an ni ó ń pa ọmọ. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án, mo gbé e lọ, wọ́n sì gún un. Inú bí wọn sí mi. Kò burú.

Kò sí oògùn tí ó lè mú ọ́tísìmù kúrò, dókítà kò sì tàn mí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò tí ó kọjá, gìrì gbé Àjàní lẹ́ẹ̀mejì láìsí ibà, dókítà sì ṣàlàyé pé wárápá máa ń bá ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí rìn. Ó fún un ní oògùn fún ìyẹn, àárọ̀ kan, alẹ́ kan, ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Láti ìgbà náà, gìrì kò gbé e mọ́. Fi èyí sọ́kàn, nítorí n óò padà sórí rẹ̀.

Ohun tí ó kù, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí n máa ṣe ohun tí òun bá ń ṣe dípò kí n máa fi ipá mú un ṣe tèmi, kí n máa fi ọ̀rọ̀ kúkúrú pe nǹkan, kí n sì dúró. Dídúró yẹn ni ó le jù. Wọ́n tún ní kí n ya àwòrán àwọn ohun tí ó ń fẹ́ sórí páálí: ife omi, àkàsà, ẹní, ìdérí ìgò. Fún oṣù méjì ni mo fi ń mú ọwọ́ rẹ̀ mú páálí, tí ó ń jù ú nù. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo ń ká aṣọ nínú yàrá, mo rí ẹsẹ̀ kékeré méjì ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ó mú páálí àkàsà dání. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sì fà mí. Ó dúró. Àṣàkẹ́, ó dúró dè mí! Ara mi gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè tú ewé àkàsà náà dáadáa.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan níhìn-ín gbà á, ó sì dá a padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ní ó ń da àwọn yòókù láàmú. Òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ti wà ní ilẹ̀ Benin láti ọdún 2017, mo sì ní in lọ́kàn láti mú un tọ̀ wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ogun kan ni a ń jà lẹ́ẹ̀kan.

Ogun tí ó wà nílẹ̀ nìyí. Màmá ti rí ilé àdúrà kan lẹ́yìn Kétu, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹ̀mí kan ni ó di ahọ́n ọmọ mú, àti pé bí wọ́n bá gbé e sọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta, yóò sọ̀rọ̀. Bàbá Àjàní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, owó ọkọ̀ Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ti rẹ̀ ẹ́, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọmọ rẹ̀ ní ìjọ ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un pé yóò tán ní ọjọ́ kan. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìpurọ́. Àwọn yẹn lè sọ ọ́.

Mo lọ síbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mo fẹ́ lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Kétu. Mo rí ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, tí wọ́n fi okùn so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi, tí ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí Àjàní ti ń ṣe bí ariwo bá pọ̀. Wọ́n sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹnu ọ̀nà ni a ti ń gba oògùn òyìnbó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú un wá. Oògùn gìrì ọmọ mi, Àṣàkẹ́. Mo rìn padà sí títì, n kò sì mọ bí mo ti wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni ìpàdé ẹbí ní Kétu. Bí mo bá dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìyàwó ilé ni mo jẹ́. Ọmọ ilé ni ìwọ, Màmá ni ó sì tọ́ ọ. Ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ fi wú, tí gbogbo wọn ní kí a gbé ọ lọ sí ìgbèríko, Màmá ni ó gbé ọ sẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀. Rán an létí. Mo bẹ̀ ọ́, pè é kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé. Má ṣe sọ pé mo lọ wo ibẹ̀, má sì bá a jiyàn lórí àdúrà, nítorí èmi náà ń gbàdúrà lórí ọmọ yìí ní òròòru. Sọ fún un pé kí ó wá sí Àjàṣẹ́ fún oṣù kan, kí ó máa sùn nínú yàrá Àjàní, kí ó gbàdúrà tó bí ó bá ti fẹ́, kí ó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní oògùn ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Tirẹ̀ ni yóò gbọ́. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè rán.

Ọmọ Ìyá Rísíkà tí ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Alẹ́ Ọjọ́rú lẹ́yìn ìsìn ni kí o pe Màmá, kí o sì pè é lórí fóònù Bàbá Ìdòwú, nítorí tirẹ̀ kì í gbé ohùn jáde dáadáa.

Fi fọ́tò rẹ kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, èyí tí ojú rẹ hàn kedere tí o kò wé gèlè ńlá. Mo ti lẹ ti Màmá mọ́ páálí, mo ti lẹ ti Bàbá Àjàní. Mo fẹ́ lẹ tìrẹ náà, kí Àjàní lè mú un wá fún mi ní ọjọ́ tí ó bá ń béèrè rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àjàní