Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: ohun tí adìẹ ń jẹ, àti òògùn tí mò ń kán sí wọn lójú

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé, báwo ni òtútù, ṣé àwọn ìbejì wa ń ṣe dáadáa? Àwa náà wà ńbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, a dúpẹ́. Mo rí fídíò tó o fi ránṣẹ́, mo wò ó tó ìgbà mẹ́rin, mo tún pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wo adìẹ mẹ́rin tó ń rìn kiri nínú gádìnnì ẹ ní Gateshead, ní England lọ́hùn-ún, inú Màámi dùn, wọ́n ní ìwọ tó o máa ń sá fún àkùkọ wọn nígbà tá a wà ní pámárì, ìwọ náà lo wá di ẹni tó ń sin adìẹ.

O bi mí pé kí ni mò ń fún tèmi jẹ, o sì tún bi mí pé ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹni tó tà wọ́n fún ẹ ń sọ pọn dandan ni, ṣebí adìẹ àwọn ìyá wa ò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ìbéèrè kejì yẹn wọ̀ mí lára, torí ohun témi náà ń sọ kiri nìyẹn títí di ọdún méjì sẹ́yìn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ. Adìẹ tó bá ń jẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ ohun tó ń wá. Tí mo bá ṣí àgò láàárọ̀, kí n tó gbálẹ̀ tán wọ́n ti dé ìdí ààtàn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tú ilẹ̀, wọ́n á ṣá ekòló, wọ́n á ṣá ìdin, tata, ìkán, aáyán, irúgbìn koríko, wọ́n á já ewé tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ìbẹ́pẹ tó bá já bọ́ kì í pẹ́ nílẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo pa àgbébọ̀ kan tó ti dàgbà, mo fi ọ̀bẹ la iwe ẹ̀, mo wá jókòó tì í, mo ń wo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ tí ara wọn ti ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, àfọ́kù àwo tánńganran kékeré kan tí etí ẹ̀ ò mú mọ́, hóró bàbà mẹ́ta, orí ìkán tó pupa, àti ẹsẹ̀ tata kan tí ò tíì dà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti sọ sí mi lọ́kàn, pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó lóun ò léyín. Òkúta yẹn gan-an leyín ẹ̀ o, òun ni iwe fi ń lọ oúnjẹ. Nítorí náà tó bá di ìgbà tí ìjọba yín ní kẹ́ ẹ sé adìẹ mọ́lé nítorí àrùn ẹyẹ, má gbàgbé òkúta wẹ́wẹ́, fi sínú abọ́ kan fún wọn.

Àmọ́ ilẹ̀ nìkan ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé níbí ilẹ̀ á le gbagidi, kòkòrò á wọ́n, ewé á gbẹ, ìgbà yẹn ni mo máa ń fi kún un. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè máa padà wálé, àti èérí ògì tí mo bá sẹ́ ògì. Àgbàdo ń fún wọn lágbára lóòótọ́, àmọ́ kì í kọ́ ara bíi kòkòrò, adìẹ tó bá ń jẹ àgbàdo ṣáá á sanra, kò ní yé ẹyin dáadáa. Àgbàdo tó bá ti bu, má fún wọn rárá, májèlé wà nínú ìbu yẹn tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà, àfi kó gbẹ dáadáa lóòrùn. Àwọn tó ń yé, mo máa ń gún ìkarahun ìgbín fún wọn, torí tí wọn ò bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ ẹyin wọn á máa rọ̀, nígbà míì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin ara wọn.

Ti òròmọdìẹ ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní ìkòkò amọ̀ kan tí etí ẹ̀ ti ya, màá ki pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí i, màá wọ́n omi sí i kó tutù, màá wá dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí ihò ìkán nírọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìkán á ti kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Gbọn ìkòkò yẹn síwájú òròmọdìẹ kó o wá wo bí wọ́n á ṣe máa sá eré, tí ọ̀kan bá ti gbé ìkán sẹ́nu báyìí márùn-ún á ti lé e. Mo ṣì ń ra oúnjẹ òròmọdìẹ alápò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sha, èyí tí ohun tó ń kọ́ ara nínú ẹ̀ tó bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, torí ara wọn ń yára dàgbà ju ohun tí ẹsẹ̀ wọn lè tú jáde lọ.

Tìẹ yàtọ̀ o, jọ̀ọ́ gbọ́ èyí. Àbúrò mi tó ń gbé Leeds ló sọ fún mi pé òfin ibẹ̀ ò gbà kẹ́ ẹ fún adìẹ ní ohunkóhun tó bá ti gba inú kíṣìnì kọjá, ì báà jẹ́ èèpo kárọ́ọ̀tì, àfi ilé tí wọn kì í ti í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà rárá. Ó kọ́kọ́ ya èmi náà lẹ́nu, èmi tí adìẹ mi ń jẹ ìyókù àmàlà. Ṣùgbọ́n ó ní ní 2001, àrùn ẹnu àti pátákò tó mú kí wọ́n pa màlúù àti àgùntàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, oko ẹlẹ́dẹ̀ kan létí Newcastle yín níbẹ̀ ni wọ́n tọpa ẹ̀ dé, ìyókù oúnjẹ tí wọn ò sè jinná ni wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Ewé tó o bá já tààrà láti inú gádìnnì ò ní wàhálà. Àti pé láti 1 Oṣù Kẹwàá 2024, kódà bó bá ṣe adìẹ kan ṣoṣo lèèyàn ní, ó gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bó ò bá tíì ṣe é, tètè ṣe é.

Ó yá, ti àjẹsára. Ọdún méjì sẹ́yìn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésì, ọyẹ́ ń fẹ́, mo ní adìẹ mẹ́tàlélógún, gbogbo wọn ń dán, kò sí èyí tó rù nínú wọn. Mo ra àkùkọ kan lọ́jà, mo tú u sáàárín wọn lọ́jọ́ náà, mi ò yà á sọ́tọ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan, mo rí àgbébọ̀ mi aláwọ̀ ẹtù yẹn lábẹ́ igi máńgòrò, ó ká ara jọ, ó dijú, ìgbẹ́ ẹ̀ dà bí omi ewé. Tó di alẹ́ ó ń lanu mí. Lọ́jọ́ kejì ọrùn ẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, ó ń wo òkè, ó ń pòòyì lójú kan, mo gbé omi síwájú ẹ̀ kò lè mu ún. Màámi wò ó, wọ́n ní lúkúlúkú ni. Mo sáré ra kápúsù, mo tú u sínú omi fún àwọn tó kù, owó ni mo fi ṣòfò, torí fáírọ́ọ̀sì ni, kápúsù ò ràn án. Kí ọjọ́ ọdún tó pé, mọ́kàndínlógún ti kú. Mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé mo ń kó wọn sí i, mo sunkún, Ìyá Ìbejì, mi ò purọ́ fún ẹ.

Dókítà ẹran tó wá wo mẹ́rin tó ṣẹ́kù ló là mí lóye. Ó ní ìkán àti ekòló ń kọ́ ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lúkúlúkú kì í wo ara tó sanra. Òun náà ni wọ́n ń pè ní Newcastle, ìlú tó wà lódìkejì odò sí ẹ yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i lára adìẹ ní 1926, tiwa ní Nàìjíríà wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ìbàdàn ní 1952. Adìẹ àwọn ìyá wa ò gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bi Màámi iye ìgbà tí ọyẹ́ kó gbogbo àgò lọ, tí wọ́n tún ní láti lọ tọrọ àgbébọ̀ kan lọ́wọ́ ẹlòmíì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra òògùn àjẹsára. Ìgò àkọ́kọ́ tí mo rà, orí tábìlì ni ẹni tó tà á fún mi gbé e kalẹ̀ sí, iná ti lọ láti àná, kò sí yìnyín. Mo rà á torí ojú ń kán mi, mo kán an fún òròmọdìẹ mẹ́sàn-án, méje nínú wọn kú sí lúkúlúkú nígbà tó yá. Òògùn yẹn ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Ní báyìí èyí tí wọ́n ń ṣe ní Vom lápá Jos ni mò ń rà, kúlà tèmi ni mo ń gbé lọ pẹ̀lú yìnyín, tí mo bá sì ti pò ó tán, mi ò ní jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ.

Tí mo bá fẹ́ kán an, màá jókòó sórí àpótí, màá fi ọwọ́ òsì gbé òròmọdìẹ, ó fúyẹ́ bí òwú, àyà ẹ̀ á máa lù kìkìkì lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Màá rọra dojú ìgò kodò láìjẹ́ kó fara kan ojú ẹ̀, ẹ̀kán kan péré. Ẹ̀kán yẹn á dúró roboto lórí ojú ẹ̀ bí ìrì, èmi náà á dúró, títí á fi ṣẹ́jú tí òògùn á sì wọlé. Tí mo bá yára jù ú sílẹ̀ á gbọn orí, gbogbo ẹ̀ á dànù. Nígbà tí wọ́n bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta màá tún fún wọn nínú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní Lasota, torí ààbò tó bá wọn wá láti ara ìyá wọn nínú ẹyin lè ti bá òògùn àkọ́kọ́ jà. Omi kànga ni mò ń lò, omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà máa ń pa òògùn yẹn, màá tú mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ sí i, màá sì ti gba omi lọ́wọ́ wọn fún bí wákàtí kan ṣáájú kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Ti Gumboro, àrùn míì tó ń pa òròmọdìẹ, náà wà láàárín, bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà ti ṣọ̀pọ̀ná adìẹ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún awọ apá. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, mi ò ń fún un, àfi kára ẹ̀ kọ́kọ́ yá.

Ìgò kan máa ń tó fún igba adìẹ, kí ni mo fẹ́ fi ìyókù ṣe? Mo lọ bá àwọn ará àdúgbò, ilé méje, a ń dá owó ẹ̀ jọ bí ìgbà tá a ń dá èsúsú. Èyí gan-an ló ràn mí lọ́wọ́ jù, torí adìẹ ò mọ ààlà, tí tèmi bá gbà á tí ti ilé kejì ò gbà á, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Oṣù Kọkànlá la máa ń kán fún gbogbo wọn, kí ọyẹ́ tó dé, torí ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mú lára. Lọ́yẹ́ tó kọjá lúkúlúkú wọ agboolé tó kọjú sí wa, ó ṣe wọ́n bó ṣe ṣe mí. Mo ní mọ́kànlélógójì nígbà yẹn. Àṣá gbé méjì, lúkúlúkú ò mú ẹyọ kan.

Tìẹ, bi ẹni tó tà wọ́n fún ẹ pé èwo ni wọ́n ti gbà, ọ̀pọ̀ adìẹ tí wọ́n ń tà nígbà tó kù díẹ̀ kó yé níbẹ̀ ló ti gbà á láti ibi tí wọ́n ti pa ẹyin wọn. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ. Tó bá sì wá jẹ́ òròmọdìẹ lo fẹ́ rà tó bá yá, béèrè ti Marek, èyí tó ń rọ wọ́n lẹ́sẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ń gún un, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́. Tó o bá ra tuntun, yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má ṣe bíi tèmi.

Àgbébọ̀ mi kan pa ẹyin mọ́kànlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀la ni mo fẹ́ kán tiwọn. Yìnyín ti wà nílẹ̀, Màámi ló máa bá mi kó wọn jáde lábẹ́ ìyá wọn torí ó ń ṣá èèyàn lọ́wọ́ gan-an. Bá mi kí àwọn ìbejì, kó o sì sọ fún mi tí adìẹ ẹ dúdú yẹn bá yé ẹyin ẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ,
Àdùkẹ́