Ìdí Tí A Ò Fi Ní Yọ Òwú Kúrò Nínú Ògiri Ilé Onírin

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ooru yìí o. Láti Kubwa dé Lugbe, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń bá wa sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: "Ẹ yọ owó òwú inú ògiri yẹn kúrò, ṣebí irin ló ń gbé ilé dúró." A gbọ́, a sì mọ bí ọjà ṣe rí. Síbẹ̀, a ò ní yọ òwú yìí, tí à ń kì sáàárín irin ògiri láti dá ooru dúró, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Irin tí à ń lò fẹ́lẹ́, síńkì ni wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà. Ikán ò lè jẹ ẹ́, kò sì wúwo tó búlọ́ọ̀kù lórí ìpìlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ fi wá nìyẹn. Àmọ́ irin ò mọ bí a ti ń dá ooru dúró. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ooru Abuja bá ń sún mọ́ 40°C, búlọ́ọ̀kù á rọra máa fa ooru mu títí di alẹ́. Ògiri onírin tí inú rẹ̀ ṣófo ò ní sùúrù yẹn: kí ọ̀sán tó pọ́n, yàrá ti gbóná, AC ń sáré, owó iná ń lọ.

Òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, rockwool, là ń kì sáàárín irin. A máa ń gé e kó fẹ̀ díẹ̀ ju àlàfo lọ, kó lè há síbẹ̀ fúnra rẹ̀. A ó wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yí ẹ̀yìn àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, torí ibẹ̀ làwọn oníṣẹ́ sábà máa ń fò. Irin fúnra rẹ̀ ṣì lè gbé ooru wọlé, nítorí náà a tún ń fi irú òwú yìí tó le bíi pákó bò ó níta.

Àwọn kan nínú yín ń fi fọ́tò ilé onírin àti gíláàsì ránṣẹ́. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí Mies van der Rohe, ayàwòrán ilé, yà fún dókítà Edith Farnsworth ní Illinois, tí wọ́n parí lọ́dún 1951, onílé ráhùn ooru inú rẹ̀, Amẹ́ríkà sì nìyẹn!

Ti iná ńkọ́? Irin kì í jó, àmọ́ tí ooru bá fi lè tó 600°C, agbára tó kù nínú rẹ̀ ò tó ìdajì mọ́. Òwú yìí kì í gbiná, bọ́ọ̀dù gypsum tó bò ó sì ní omi nínú tó máa ń fa ìdádúró kí iná tó kan irin. Àsìkò tí ọmọ yóò fi sá jáde la ń sọ yìí.

Tówó bá há, ẹ jẹ́ ká dín táìlì kù, tàbí ká parí yàrá méjì ná. Ẹni tá a ti fún ní ìwé iye owó, kó pè wá kí bọ́ọ̀dù tó gun ògiri. Tá a bá ti fi súkúrù dè é pa, àfi ká tú gbogbo rẹ̀ ká tó lè ki òwú sí i.

Àwa tí à ń bá yín kọ́lé,
Kubwa, Abuja